Ọ̀pẹ Kan Tí Mo Yà Ní Méjì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ìkejì mi lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé ó kú. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìbejì. Wọ́n ní ó lọ sọ́jà. Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tò ìlú wa. Ọkùnrin náà ní kí n kọjú sí ọ̀tún, ó yà mí. Ó ní kí n kọjú sí òsì, ó tún yà mí. Nígbà tí fọ́tò jáde, àwa méjì la jókòó tira wa nínú aṣọ kan náà. Ìyá mi gbá a mọ́ àyà, ó sunkún. Títí di òní, tí mo bá wo fọ́tò yẹn pẹ́ jù, n kì í mọ èwo nínú wọn ni èmi.

Ẹ fọkàn bá mi lọ sí Italy, ẹ̀yin ọmọ mi, ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí fíìmù ṣì máa ń wà nínú kámẹ́rà. Mo kàwé dáadáa nílé, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Ilé iṣẹ́ awọ lẹ́bàá Vicenza ni mo bá ara mi, òórùn awọ sì wọ inú irun mi. Mo fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ fọ́tò yíyà títí wọ́n fi fún mi ní stage, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ fọ́tò, ní ọgbà ewéko kékeré kan lẹ́yìn Padova. Bí iṣẹ́ mi bá tẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin arúgbó kan tí gbogbo wa ń pè ní signora, lọ́rùn, wọ́n á gbà mí pátápátá. Awọ ti parí nìyẹn.

Ọmọkùnrin Yorùbá kan wà níbẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè lórí ewéko. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, mo wà lẹ́yìn yín."

Òun ló mú mi wọ ilé onígíláàsì. Ọ̀pẹ méjì ni wọ́n gbìn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì máa ń yà wọ́n pọ̀ lọ́dọọdún. Àwọn fọ́tò àtẹ̀yìnwá wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni mo bá. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìkejì dà?"

"Ó gbẹ, Àǹtí. Signora ní kí ẹ ṣáà ya ti ọdún yìí kún un."

Mo fojú sí kámẹ́rà. Ooru ti mú kí gbogbo gíláàsì máa làágùn. Níbi tó ṣófo yẹn, ó dà bíi pé ẹnìkan dúró, tó ń retí mi. Mo gbójú kúrò, kò sẹ́nì kankan. Mo tún fojú sí i, ó wà níbẹ̀. Mo yà á, ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹyọ kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò, mo tẹ ọ̀pẹ náà sí apá kan ìwé fọ́tò. Mo yí fíìmù padà, mo tún tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì. Wọ́n di méjì.

Mo fi han ọmọ Yorùbá wa yẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Há! Àǹtí, ẹ ti ṣe ìbejì fún ọ̀pẹ! Ó dáa gan-an."

"Ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?"

"Wàhálà wo? Ẹ fi lé mi lọ́wọ́."

Signora wo fọ́tò náà títí, ó sì béèrè ẹni tó dá irú ọgbọ́n yìí. Ọmọ wa nawọ́ sí mi. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún mi, etí mi di, ó ní àwọn àgbà ilẹ̀ wa ṣì ń bọ ìbejì. Italian tí mo gbọ́ tó ìyẹn. Signora kò pariwo. Ó ní, "Níbí, èyí tó bá kú, a máa ń jẹ́ kó hàn pé ó kú." Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n dá mi padà sídìí awọ.

Ayé ti yí. Lónìí ní ìlú Collegno tí mò ń gbé, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi fóònù yọ ẹni tí wọn ò fẹ́ kúrò nínú fọ́tò, wọ́n ń fi ẹni tí kò débẹ̀ sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọkùnrin yẹn ti di dókítà ìwé, ó ti di alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bó bá rí mi, á nahùn sókè láàárín èrò: "Èmi ni mo kọ́kọ́ ran Màmá yìí lọ́wọ́ ní Italy o!" Wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Pásítọ̀ ní kí n dárí ji gbogbo èèyàn. Mo ti dárí ji signora. Òtítọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ má ṣe gbé máíkì fún ọkùnrin yẹn.