Aṣọ Tí Àbúrò Ọkọ Mi Hun

Nígbà ogun Jámánì, tí òwú òyìnbó di ọ̀wọ́n gógó, ni ọkọ mi fi ọ̀bẹ gé òwú àbúrò rẹ̀ lórí òfì. Ìsẹ́yìn la wà, ahunṣọ ni gbogbo ọkùnrin ilé wa. Ẹni tó bá gé òwú ahunṣọ lórí òfì, oúnjẹ ló gbà lẹ́nu rẹ̀ yẹn.

Ohun tí àbúrò rẹ̀ ṣe kò ju pé ó di onígbàgbọ́. Ọdún eégún ilé wa kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́ sọ pé òun kò ní bá wọn ṣe é mọ́. Ọkọ mi ni olórí ilé. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sí àrífín níwájú àwọn àgbà, ló bá wọlé mú ọ̀bẹ. Nígbà tó gé òwú náà tán, ó ní kí àbúrò òun kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé bàbá àwọn. Ọkùnrin náà ṣa òwú tó já nílẹ̀, ó gbé ẹrù karí, ó sì lọ sí ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ kọ́lé sí. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ mi ń fi koríko bẹẹrẹ tún òrùlé ṣe, ó já bọ́, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Ẹni tó ń to eegun dì í, ó ní kò gbọdọ̀ fi apá náà ṣiṣẹ́ títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọlọ́lá kan ní Ṣakí ti gbé aṣọ tí yóò fi joyè fún un hun. Ọnà tó fẹ́ lára aṣọ náà, bàbá wọn ló kọ́ wọn, àwọn méjèèjì nìkan ló sì mọ̀ ọ́n hun.

Ọkọ mi kò jẹ́ ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà fúnra rẹ̀ ló wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ kú ìrora, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló rán ọ wá?" ni ọkọ mi bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo gbọ́ lọ́jà pé apá yín kán."

"O wá wò mí kí o lè fi mí rẹ́rìn-ín."

"Rárá o. Aṣọ ará Ṣakí ni mo wá hun, bí ẹ bá gbà fún mi."

Ọkọ mi kọjú sí ògiri. Àbúrò rẹ̀ bá lọ jókòó sídìí òfì tí wọ́n ti lé e kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún un. Kó tó fọwọ́ kan ọkà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dijú, mo sì gbọ́ tó ń bẹ Olúwa pé kó wo apá ẹ̀gbọ́n òun sàn. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sí i.

"Ọkọ mi," mo pè é, nítorí wọ́n ti bí i kí n tó wọlé náà, "ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe fún yín ni?"

"N kò gbàgbé, ìyàwó. Ó dùn mí. Mo bínú débi pé n kò lè gbàdúrà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún gbogbo ilé yìí pé Jésù dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí. Bí èmi kò bá wá lè dárí ji ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Ọkọ mi wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí aṣọ parí, ìránṣẹ́ ọlọ́lá náà dé láti Ṣakí. Ó tú aṣọ wò, ó fọwọ́ pa á. Ó rò pé ọkọ mi ti hun ún kó tó ṣubú.

"Bàbá," ó ní, "apá yín ló kán, iṣẹ́ yín kò kán."

Ọkọ mi ní, "A dúpẹ́." Àbúrò rẹ̀ wà nítòsí, ó ń ká òwú tó ṣẹ́kù, kò gbójú sókè. Èmi sá lọ sẹ́yìnkùlé. Ojú àwọn ọmọ mi pàápàá ń tì mí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ọkọ mi ti korò, kò lè jẹun. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó ní kí n tẹ̀lé òun. A lọ dúró lábẹ́ igi ní iwájú ilé ìsìn àwọn onígbàgbọ́ títí wọ́n fi parí ìsìn. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró.

"Èmi ni mo gé òwú àbúrò mi," ó wí. "Òun ló hun aṣọ tí wọ́n fi yìn mí, mo sì gba ìyìn náà lójú rẹ̀."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ sáré dì í mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dárí jì yín kí n tó wá hun aṣọ."

Ọkọ mi ránṣẹ́ sí Ṣakí pẹ̀lú, kí wọ́n mọ ẹni tó hun aṣọ náà. Mo rò pé ìtìjú yóò tán níbẹ̀, kò tán. Ọkọ mi kò di onígbàgbọ́ títí ó fi kú. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsìn wọn, kì í sì í ṣe ìwàásù ló mú mi lọ, bí kò ṣe aṣọ tí àbúrò ọkọ mi hun. Àbúrò rẹ̀ kò padà wá gbé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó máa ń wá kí wa. Ìgbàkígbà tó bá wọlé, ọkọ mi tó jẹ́ àgbà a dìde dúró fún un. Àwọn àlejò a máa bi í pé kí ló dé. Kò sọ fún wọn rí.