Omi Ojú Mọ́rìnọ́lá

Alágídí ni Mọ́rìnọ́lá ìyàwó mi, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Obì ló ń ṣà ní abúlé wa lẹ́yìn Ìbòkun, kòkòrò kan ò sì lè sá pamọ́ fún un. Àfi bí ojú ọ̀tún ṣe fọ́ pátápátá, tí tòsì náà ń ṣe bàìbàì. Lọ́dún 1956, mo fipá mú un lọ sí ọsibítù ní Iléṣà.

Dókítà ní kó pa ojú dé, ó fi ìka tẹ ẹyinjú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní kí èmi náà tẹ tèmi, kí n sì tẹ tirẹ̀. Háà! Tèmi rọ̀, tirẹ̀ le bí awùsá.

Nọ́ọ̀sì Julianah túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún wa. "Ìyá, omi ojú yín ló pọ̀ jù. Èyí tó ti fọ́ ò ní í là mọ́. Ẹ máa kán oògùn yìí sí tòsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, kí omi náà lè dínkù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun náà á fọ́."

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo rí ìgò oògùn lórí pẹpẹ, kò dín rárá. Inú bí mi! "Ṣé o fẹ́ fọ́jú ni?"

"Bàbá Ọdúntán, Ọdúntán ọmọ wa kú, ikú rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, ẹkún nìkan ló kù fún mi. Wọ́n wá ní omi ojú mi pọ̀ jù! Kí ojú náà fọ́."

Mo tún mú un padà lọ sí Iléṣà.

Julianah gbọ́ ọ, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú, èmi ni mo ṣì í sọ. Kì í ṣe omi ẹkún. Inú ẹyinjú ni omi yìí wà. Kò rọ́nà jáde ni ojú fi le."

"Tí mo bá kán an, ṣé n ó lè sunkún?"

"Ẹ sun ún bó bá ṣe wù yín."

Mọ́rìnọ́lá bú sẹ́kún níbẹ̀. Èmi náà sun ún. Julianah dúró títí a fi ṣe tán, ó nu ojú fún un, ó kán ẹ̀kán kan sí i. Mọ́rìnọ́lá ní iwájú orí ń fọ́ òun, ó bú oògùn náà dáadáa.

Lóṣù kejì, mo tún tẹ ojú náà wò. Ó ti rọ̀! Ẹ̀kán omi lásán-làsàn! Mo ti dàgbà, n ò rí irú rẹ̀ rí.

Ọdún mọ́kànlá ló tún fi ṣa obì. Kò sí ọjọ́ tí kò kán oògùn náà, kò sì sí ọjọ́ tí kò sunkún Ọdúntán.