Ẹnì Kan Bá Mi Ṣe Eré Ogun Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó, ẹ gbọ́, ẹnì kan bá mi ṣeré lónìí.

Ẹ mọ irú eré ogun tí mo fẹ́ràn lórí kọ̀ǹpútà: kí n ṣe tèmi, kí n dúró kí ẹnì kejì ṣe tiẹ̀. Àwọn eré tí kì í dúró deni kò wù mí.

Látìgbà tí wọ́n ti tiransífáà mi wá sí Abuja, èmi náà ni mò ń ṣe ti ẹnì kejì.

Lánàá, nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì, ó ku kí ọ̀tá ṣe tiẹ̀. Mi ò pa kọ̀ǹpútà.

Láàárọ̀ yìí, sọ́jà ọ̀tá ti sọdá odò.

Mo bi Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń tọ́jú ọ́fíìsì: "Ta ló tẹ nǹkan yìí?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Eruku ọyẹ́ ni mo nù kúrò lára ẹ̀."

Mo ṣe tèmi. Mo ní kó tún wá nù ún lọ́la.

Ẹ̀yin ará Èkó, tẹ́ ẹ bá máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ rín in sókè kí n lè gbọ́.