Àgbọn Inú Fíìmù

Aládùúgbò mi ń fi àgbọn se epo lánàá, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ilé pákó wa létíkun Ìlàjẹ, sí ọ̀sán tí a jà nítorí fíìmù.

Ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn ìyá mi ni wọ́n ya fíìmù ayaba inú òkun ní etíkun wa. Nígbà tó yá, wọ́n padà wá ya òmíràn, èyí tó sọ ìtàn ayaba náà nígbà tó wà lọ́mọge. Òun là ń wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ariwo wa sì borí ti jẹnẹrétọ̀.

“Irọ́ ni!” ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pariwo. “Ayaba kọlà. Ilà ti ọmọge yìí dà? Ta ló sì ń wọ àrán tukọ̀?”

Èmi náà rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. “Nínú ti àkọ́kọ́, igi àgbọn kún etíkun. Wọ́n gbàgbé láti gbé àgbọn wọn wá lọ́tẹ̀ yìí.”

Bàbá mi ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Bàbá mi ló gbìn wọ́n,” ló wí. “Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sí i.”

Nígbà tí àwọn igi náà yọ, ó ní ká dá a dúró. Ó lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òkun ló gbé wọn lọ, àti pé ilé wa ló kàn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” ni mo kígbe, “ẹ kúrò níbẹ̀, a ò rí ayaba mọ́.”