Orúkọ Tí Mo Dán Kúrò Lẹ́yìn Aago

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí aago tí ọwọ́ mi kò lè sọ di tuntun. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Wuse, l'Ábújá, nígbà náà kò ju ibi tí àga méjì ń gbà lọ, ṣùgbọ́n ìgbéraga tó wà nínú rẹ̀, ilé alájà mẹ́ta kò lè gbà á. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlọrin máa ń sọ pé, "Àṣejù ni yóò ba tìrẹ jẹ́, ìwọ ọmọ yìí. Bí wọ́n bá ní kó o fọ ọwọ́, wàá wẹ̀ dé ọrùn." Èmi á kàn máa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń jowú mi ni.

Ìyá kan wà ní ìjọ wa, opó ni, ará Kogi bíi tèmi. Iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ rẹ̀ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, Kuje sì ni wọ́n kọ́lé sí kí bàbá náà tó kú. Ojú ń da ìyá náà láàmú. Dókítà ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni, kó má sì jẹ́ kó pẹ́, nítorí ojú tí irú àìsàn yẹn bá ti pa kì í jí mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ní tó lè gbé owó iṣẹ́ abẹ náà ni aago ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ojúlówó aago ilẹ̀ Switzerland tí bàbá náà rà nígbà tí ìjọba rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Àwọn tó tà á fún un fín orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn aago náà, wọ́n sì kọ orúkọ kan náà sínú ìwé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Alhaji kan tó ń ṣòwò irú aago bẹ́ẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti ka ìwé rẹ̀, iye tó pè sì tó iṣẹ́ abẹ náà. Àléébù kan ṣoṣo tó rí ni pé aago náà ń fà sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n fọ inú rẹ̀, kí wọ́n kán òróró tuntun sí i, kí ẹni tó ṣe é kọ ohun tó ṣe sínú ìwé. Bí ìyá náà ṣe gbé e tọ̀ mí wá nìyẹn.

"Ọmọ mi, inú nìkan ni Alhaji ní kó o fọ̀ o. Inú nìkan."

Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mo bá ṣe é tán, ẹ ò ní dá a mọ̀ mọ́." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ!

Inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fọ̀, iṣẹ́ náà sì mọ́yán lórí, mi ò ní tìtorí pé mo jẹ̀bi kí n fi ìyẹn du ara mi. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, aago ti ń lọ geere. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ṣíwọ́. Àmọ́ mo yí i padà, mo rí i pé ara rẹ̀ ti ha káàkiri, orúkọ bàbá tó ti kú sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Mo bi ara mi léèrè pé, ta ni yóò fi owó ńlá ra orúkọ òkú sọ́wọ́? Nílé wa, bí a óò bá fi aṣọ olóògbé ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, a óò kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná. Mo bá gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ tí a fi ń dán irin, mo dán an títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Orúkọ náà pa rẹ́ pátápátá. Mo tiẹ̀ ń súfèé.

Ìyá náà ní kí n bá òun gbé e lọ fún Alhaji. Alhaji yí ẹ̀yìn aago náà sókè lẹ́ẹ̀kan, ó pariwo, "Kai! Ta ló ṣe èyí?" Ìlọrin ló gbé dàgbà, Yorùbá já gaara lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ara rẹ̀? Ara tó gbé wá láti ilé iṣẹ́ gan-an ni àwọn oníbàárà mi ń sanwó fún. Irin tó o ti ha dànù, ṣé wàá lẹ̀ ẹ́ padà ni? Orúkọ wà nínú ìwé, kò sí lára aago. Wọ́n á ní olè ló pa á rẹ́!"

Mo ní kó lè túbọ̀ níyì ni mo ṣe ṣe é. Ó ní ohun tí mo ṣe sínú bu iyì kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe síta ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Iye tó wá pè kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́.

Mo gbé aago àti ìròyìn náà dé Kuje. Ìyá náà fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn aago náà, ó tún un pa.

"Orúkọ Bàbá dà?"

Mo ní, "Màmá, bóyá ó ti pa rẹ́ tipẹ́ ni. Alhaji yẹn kàn fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó jẹ́ pé ọwọ́ mi náà ti ń ṣe bí ojú mi nìyẹn." Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó mu omi tó ní kí n mu.

Nígbà tó yá, ó gbà kí n ta aago náà fún Alhaji ní iye tó pè. Èmi náà ta ẹ̀rọ ìdánrin mi, mo tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, mo tọrọ lọ́wọ́ ìbátan. Kí owó náà tó pé, ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá. Àwọn dókítà rí ojú ọ̀tún gbà là díẹ̀. Ojú òsì ti lọ.

Lónìí, inú aago nìkan ni mò ń fọ̀, mo sì máa ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sínú ìwé. Àwọn oníbàárà ń yìn mí pé mo mọ ìwọ̀n ara mi. Ní ìjọ, ìyá náà máa ń jẹ́rìí pé mo ta irinṣẹ́ mi nítorí ojú òun, ìjọ á pàtẹ́wọ́, èmi á wolẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Alhaji kò mọ irọ́ tí mo pa fún ìyá náà, èmi nìkan ni mo lè mú ọjọ́ yẹn wá. Mi ò tíì mú un wá.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, mo dì í lọ́wọ́ mú sọdá títì. Mo ní tí a bá dé òdì kejì, n ó sọ fún un. A dé òdì kejì. Ó fọwọ́ wá ojú mi títí ó fi kàn án, ó ní, "Ojú ò ní fọ́ ọ, ọmọ mi."

Mo ṣe àmín.