Igi Irú Ìyá Àgbà

Ìyàwó ọmọ mi ń se irú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ó ń rùn. Mo ní ó ń ta sánsán ni.

Mo kéré láyé ológun tí kẹrosíìnì dàwátì, tí àwọn ará Ẹdẹ sì ṣẹ́gi inú igbó tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá igi irú wa nílẹ̀. Ìyá àgbà, tí kì í jẹ́ kí á ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, ti ní kí wọ́n gé e, ó sì ń kó o sábẹ́ ìkòkò irú tó fẹ́ tà, nínú èéfín.

"Ìyá, kí la máa ká lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ìwọ tíṣà yìí! Jẹ́ kí tòní jinná ná."

Mo rò pé igi náà yóò tún hù kí òjò tó dé. Kò hù mọ́. Irú tí Ìyá àgbà sè gbẹ̀yìn nìyẹn.