Ẹyin Nínú Omi Eérú

Àbúrò ìyá mi kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn láì kọ́kọ́ nu awò ojú rẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ló lọ kọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Bó bá wálé fún ìsinmi, ó máa ń sọ fún ìyá rẹ̀, Ìyá àgbà wa, tó ń se ọṣẹ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, pé: “Ohun tí ẹ ń sè nínú ìkòkò, àwa ń kọ́ bí a ṣe ń sè é nínú àgbá tó ju ilé yìí lọ.”

Ó padà dé nígbà ìjọba Rẹfolúṣọ̀n, tí ìjọba ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn tó kàwé, tí a sì ń pe ara wa ní Kamaráàdì. A ń retí pé yóò di ọ̀gá ilé iṣẹ́, àfi bí ìwé ìjọba ṣe ní kó wá máa kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà sunkún. Àwọn aládùúgbò ń pè é: “Kamaráàdì Ẹ̀ńjíníà, àgbá ńlá yẹn dà?”

Ó nu awò ojú rẹ̀. “Ó ń bọ̀.”

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì wa, ìkòkò omi eérú ìyá rẹ̀ ló gbé wá. Ó fi ẹyin sí i, ẹyin náà léfòó.

“Báyìí ni ìyá mi ṣe ń mọ̀ pé omi náà ti le tó láti fi se ọṣẹ. Kí ló gbé ẹyin sókè?”

A rọ́ yí ìkòkò náà ká, a ń wo ẹyin.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá àgbà bi í pé: “Àwọn ọmọ ilé ìwé ńkọ́, kí ni wọ́n wí?”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n, Ìyá.”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n kẹ̀!” Ó rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń ṣa ẹyin tí ọmọ rẹ̀ ń gbé wá sí kíláàsì.